Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kó téèpù VHS àtijọ́ sórí DVD àti láptọ́ọ̀pù

Àbígbẹ̀yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀dí ẹ̀ pọ̀ níbí. Téèpù VHS kún inú àpótí kan nílé wa, ìgbéyàwó àwọn òbí wa wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wa nígbà tá a wà ní kékeré wà níbẹ̀, ibi tí bàbá wa tó ti dolóògbé ti ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Kò síbòmíì tí ohùn wọn ṣẹ́ kù sí. Mo ní ẹ̀rọ VHS kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, mo ní DVD recorder, ìyẹn èyí tó lè gba nǹkan sórí díìsìkì o, kì í ṣe èyí tó kàn ń gbé fíìmù jáde, mo ní kámẹ́rà àtijọ́ kan tó ń lo téèpù kékeré, mo sì ní láptọ́ọ̀pù. Mo ti so gbogbo ẹ̀ pọ̀, tẹlifíṣàn ń gbé àwòrán téèpù jáde dáadáa, àmọ́ tí mo bá tẹ record lára DVD, dúdú ló ń gbà, ohùn pàápàá ò sí. Báwo ni wọ́n ṣe ń so ó gan-an? Ṣé orí DVD ni kí n kó o sí ni àbí inú láptọ́ọ̀pù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Oníwáyà:
Tẹlifíṣàn yín ló ń gba àwòrán tààrà lọ́wọ́ VHS, DVD yẹn ò sí lójú ọ̀nà rárá. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé àwòrán ń jáde láti OUT, ó ń wọlé sí IN, kì í gba ibòmíì. Ẹ wo ẹ̀yìn VHS yẹn, ẹ máa rí ihò mẹ́ta tí wọ́n kọ OUT sí lára, yẹ́lò, funfun àti pupa. Yẹ́lò ni àwòrán, funfun ni ohùn apá òsì, pupa ni ohùn apá ọ̀tún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lọ sí IN lára DVD recorder, ó lè wà lẹ́yìn, ó sì lè wà níwájú níbi tí wọ́n ti fi ọmọrí kékeré kan bò ó. OUT ti DVD recorder ló máa wá lọ sí tẹlifíṣàn. VHS ló ṣáájú, DVD tẹ̀ lé e, tẹlifíṣàn ló kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti tò ó báyìí, ohun tẹ́ ẹ bá ń rí lójú tẹlifíṣàn ni DVD ń rí, tí ẹ ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tẹ record.

Ìkejì, DVD recorder ò mọ ihò tẹ́ ẹ ki wáyà bọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un. Ẹ mú rìmóòtù ẹ̀, ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ INPUT tàbí SOURCE tàbí INPUT SELECT sí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí tó fi máa gbé L1 tàbí L2 tàbí AV1 tàbí AV2 wá sójú. Nọ́ńbà yẹn wà lára ihò náà, ẹ kàn wo èyí tẹ́ ẹ lò. Tó bá jẹ́ orí ṣánẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣàn ló wà, dúdú ni á máa gbà títí díìsìkì á fi kún.

Àǹtí Kámẹ́rà:
Ohun tí Oníwáyà sọ ló jẹ́. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹ wò ó bóyá VHS yín ní ihò róbótó kékeré kan tó ní ojú mẹ́rin nínú, S-VIDEO ni wọ́n ń kọ sí i lára. Tí ti VHS bá ní, tí ti DVD náà bá ní, ẹ fi ìyẹn rọ́pò wáyà yẹ́lò, torí ó ń ya ìmọ́lẹ̀ àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ẹ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n da ara wọn rú, àwọn àwọ̀ tó ń jó létí aṣọ àti létí lẹ́tà máa dín kù. Ṣùgbọ́n kò gbé ohùn o! Funfun àti pupa ṣì máa wà níbẹ̀.

Ẹ má lo wáyà eriali tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un. Ìyẹn wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi so VHS mọ́ tẹlifíṣàn látijọ́ tí wọ́n á wá yí tẹlifíṣàn sí ṣánẹ́ẹ̀lì 3 tàbí 4 tàbí 36. Àwòrán àti ohùn ló fún pọ̀ sójú kan nínú ẹ̀, ó sì máa ń ṣe ṣúṣú.

Arìnrìnàjò:
Ti èmi ò ní yẹ́lò rárá, SCART ló ní lẹ́yìn, gbàǹgbà báyìí, ojú 21. Ṣé ó yàtọ̀ ni?

Oníwáyà:
Kò yàtọ̀ púpọ̀, àmọ́ SCART ní nǹkan kan tó ń da èèyàn láàmú, òun nìkan ló ń gbé àwòrán lọ tó tún ń gbé e bọ̀ nínú wáyà kan náà. Àwọn DVD recorder tó ń lo SCART sábà máa ń ní méjì lẹ́yìn, AV1 ló máa ń jẹ́ ti tẹlifíṣàn, AV2 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ mìíì, wọ́n lè kọ DECODER tàbí EXT síbẹ̀. AV2 yẹn ni kẹ́ ẹ ki VHS bọ̀, kẹ́ ẹ wá yan AV2 lórí rìmóòtù. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo àwọn SCART kékeré tí wọ́n fi ihò yẹ́lò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo bọ́tìnì kékeré tó máa ń wà lára ẹ̀, IN àti OUT ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá wà ní IN nígbà tó yẹ kó wà ní OUT, kò ní sí nǹkan tó máa jáde.

Bàbá Téèpù:
Ọmọ mi, dúró ná. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa wáyà dáa, àmọ́ wáyà kì í ba téèpù jẹ́, inú ẹ̀rọ ni téèpù ti ń bà jẹ́. Má ki ti bàbá ẹ bọ̀ ọ́ ṣáájú o. Èyí tí kò bá tiẹ̀ dùn ẹ́ tó bá já ni kó o fi dán ẹ̀rọ yẹn wò.

Kó o tó ki èyíkéyìí wọlé, gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wo ojú gíláàsì tó wà lórí ẹ̀, wo etí téèpù tó wé mọ́ra yẹn. Téèpù tó dáa, dúdú ni etí ẹ̀, ó ń dán, ó rí pẹrẹsẹ. Tó o bá rí nǹkan funfun bíńtín-bíńtín tó hu sí i létí, ó ti bu nìyẹn. Má fi sí ẹ̀rọ. Tó o bá fi sí i, nǹkan funfun yẹn á lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ohun tó ń ka téèpù nínú ẹ̀rọ, téèpù tó mọ́ tó bá tún wọlé lẹ́yìn ẹ̀ á kó o, kò sì dáa kéèyàn máa fà á símú. Kó èyí tó bá ti bu sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ló máa bá ẹ nù ún.

Èkejì, yí kásẹ́ẹ̀tì yẹn wò níhà tí wọ́n máa ń lẹ bébà orúkọ mọ́. Ahọ́n róbà kékeré kan wà ní ìkángun ibẹ̀. Bí ahọ́n yẹn bá ṣì wà, ẹ̀rọ lè gba nǹkan mìíì lé ti bàbá ẹ lórí, kò ju kéèyàn ṣèèṣì tẹ record lọ. Fi nǹkan ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ṣẹ́ ẹ kúrò, kò lè gba nǹkan lé e mọ́.

Tó bá jẹ́ ibi tó tutù lo ti gbé wọn, jẹ́ kí wọ́n wà nínú yàrá fún ọjọ́ kan kí omi má baà sẹ̀ sí wọn lára. Lẹ́yìn náà, sáré gbé e lọ sí ìparí kó o tún dá a padà síbẹ̀rẹ̀ láìtẹ play rárá. Téèpù tó ti ń jókòó fún ogún ọdún, ibì kan á ti le nínú ẹ̀, ibòmíì á ti dẹ̀, bó o bá sáré lọ tó o sáré bọ̀ báyẹn, ó máa wé bákan náà, àwòrán ò ní máa gbọ̀n.

Àbígbẹ̀yìn:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ kú àánú wa. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀kan ti bu lóòótọ́, mo ti yà á sọ́tọ̀, ti bàbá wa mọ́ tónítóní. Mo tún wáyà yẹn tò bí Oníwáyà ṣe wí, mo yan L2, àwòrán ti wá! Àmọ́ ìlà funfun kan ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àti láàárín, àwòrán sì rí bí ẹni pé eruku wà lójú ẹ̀, nínú gbogbo téèpù ni o. Nígbà tó jẹ́ tẹlifíṣàn ló ń gbà á tààrà náà, ó ti wà níbẹ̀ díẹ̀.

Bàbá Téèpù:
Tó bá jẹ́ téèpù kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tracking ni, ìyẹn bí hẹ́ẹ̀dì ṣe ń tọ ipa àwòrán lórí téèpù. Bọ́tìnì ẹ̀ wà lára VHS tàbí lórí rìmóòtù, máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì títí ìlà yẹn á fi sá kúrò. Tó bá jẹ́ gbogbo téèpù, hẹ́ẹ̀dì ti dọ̀tí.

Bí wọ́n ṣe ń nù ún rèé, fara balẹ̀ kà á. Yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, má kàn pa á lásán o, yọ ọ́. Tú ìdérí òkè ẹ̀. Wàá rí nǹkan irin róbótó kan tó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, tó ń dán yànrànyànràn, òun ni téèpù ń wé mọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Hẹ́ẹ̀dì wà létí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n kéré gan-an, nǹkan bíńtín tó yọ sójú irin yẹn, ó rọrùn láti ṣẹ́ wọn. Ra isopropyl alcohol tó jẹ́ 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí omi pọ̀ nínú ẹ̀ ò dáa. Má lo òwú! Fọ́nrán òwú máa ń há mọ́ hẹ́ẹ̀dì. Awọ ìnugíláàsì tó rọ̀ tàbí bébà tí kì í rú ni kó o lò. Fi alcohol rin ín, fi ìka kan gbé e ti ẹ̀gbẹ́ irin róbótó yẹn, má tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó kàn kan ara ẹ̀. Ọwọ́ tó mú bébà yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan, ọwọ́ kejì ni kó o fi máa yí irin náà látòkè, yí i lọ, yí i bọ̀. Wàá rí dúdú tó ń bọ́ sórí bébà. Pààrọ̀ bébà, tún un ṣe títí dúdú ò fi ní jáde mọ́. Má gbé ọwọ́ lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀ láé, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nìkan, èyí tó bá lọ sókè sódò ló ń ṣẹ́ hẹ́ẹ̀dì. Tó o bá ti ṣe tán, nu àwọn igi irin kéékèèké tí téèpù ń gbà kọjá àti róbà tó ń fà á, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí alcohol pẹ́ lára róbà. Jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gbẹ dáadáa kó o tó tan án.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ẹ̀rọ yìí ò sí lọ́jà mọ́ ní tuntun. JVC ló gbé VHS jáde lọ́dún 1976, iléeṣẹ́ Funai ní Japan ló ṣe é kẹ́yìn, àwọn náà sì jáwọ́ ńbẹ̀ nínú oṣù keje ọdún 2016. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ni kó o tọ́jú.

Àbígbẹ̀yìn:
Bàbá!!! Ó ti mọ́. Dúdú tó jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo rò lọ. Ojú bàbá wa hàn kedere, títí kan àmì kékeré tó wà létí ojú wọn. Màmá wa jókòó tì mí, wọ́n ò lè sọ̀rọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Inú mi dùn sí èyí gan-an. Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́, DVD àbí láptọ́ọ̀pù, èmi fara mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo máa sọ ìdí ẹ̀. DVD máa ń fún àwòrán pọ̀ sí MPEG-2 bó ṣe ń gbà á, ohun tó bá sì ti sọ nù níbẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò ṣeé dá padà, tẹ́ ẹ bá tún wá fẹ́ gé ibì kan kúrò tàbí tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ó tún máa pàdánù sí i, díìsìkì fúnra ẹ̀ sì lè bà jẹ́ nínú páálí láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ra USB capture, nǹkan kékeré tó ní yẹ́lò, funfun, pupa àti S-VIDEO lápá kan, USB lápá kejì. OUT ti VHS ló máa lọ síbẹ̀. Ẹ ki USB ẹ̀ bọ ara láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀, ẹ má gba ara USB hub, ìyẹn èyí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀. Sọ́fúwíà tó dáa fún un ni VirtualDub lórí Windows, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó le, OBS Studio náà lè ṣe é.

Ẹ gbà á ní ìwọ̀n àwòrán 720x576 tó bá jẹ́ PAL, 720x480 tó bá jẹ́ NTSC, ìyẹn oríṣi ètò tẹlifíṣàn méjì tí wọ́n fi ń gba téèpù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbà á ní 1080, kò sí ohun tó máa fi kún un torí téèpù ò ní i nínú. Tẹ́ ẹ bá ní àyè nínú háàdì díìsìkì, ẹ lo HuffYUV tàbí FFV1 láti fún fídíò pọ̀, àwọn yẹn kì í gé nǹkan kan dànù, HuffYUV lè gba bíi 30 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá ṣe MP4 kékeré látinú ẹ̀ fún fóònù àti WhatsApp.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn páálí kékeré tó ń sọ AV di HDMI o, púpọ̀ nínú wọn máa ń na àwòrán gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo èèyàn á wá sanra. 4:3 ni téèpù yín, ìyẹn ìbú àwòrán sí gíga ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Oníwáyà:
Àbúrò, mi ò bá yín jiyàn lórí pé fáìlì ló dáa jù fún ìtọ́jú, àmọ́ ẹ má fọwọ́ rọ́ DVD recorder sẹ́yìn báyẹn. USB olówó pọ́ọ́kú máa ń fo àwòrán tí téèpù bá gbọ̀n díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìparí, ẹnu á ti máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ohùn. DVD recorder ní tiẹ̀ máa ń fara da téèpù tó ń gbọ̀n ju USB bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ò bá fẹ́ wàhálà kọ̀ǹpútà lè gbà á sórí DVD ní XP, ìyẹn wákàtí kan péré fún díìsìkì 4.7 GB, ó mọ́ gan-an. SP wákàtí méjì náà ṣì dáa. Àwọn LP wákàtí mẹ́rin àti EP wákàtí mẹ́fà yẹn, ẹ jìnnà sí wọn fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tí ẹnì kan bá kàn mi orí báyìí, ojú ẹ̀ á di igun-igun.

Ọ̀nà kan tún wà tó kó méjèèjì pọ̀: ẹ ki OUT ti VHS bọ IN ti DVD recorder, kẹ́ ẹ wá ki OUT ti DVD recorder bọ USB capture. Ẹ má tẹ record lára DVD, ẹ kàn jẹ́ kí àwòrán gba inú ẹ̀ kọjá. Àwọn kan nínú wọn máa ń tún àwòrán yẹn tò kó tó jáde, tó bá rí bẹ́ẹ̀, láptọ́ọ̀pù ò ní fi bẹ́ẹ̀ fo nǹkan mọ́.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ni mo máa sọ fún Àbígbẹ̀yìn kó ṣe, torí kò ní ná an ju USB yẹn lọ, ìyókù jẹ́ ohun tó ní nílé tẹ́lẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn:
Mo ti ra á, mo sì so ó bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ló kù. Ohùn ń hùn múúú lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Èkejì, téèpù kan wà tí DVD recorder ń kọ̀ jálẹ̀, ó ń kọ ọ́ sójú pé wọ́n dáàbò bò ó, kò ṣeé gbà. Téèpù tí wọ́n fi kámẹ́rà ilé gbà ni o, kì í ṣe fíìmù tí wọ́n tà!

Oníwáyà:
Tí ohùn bá ń hùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ lo bátìrì nìkan. Tó bá dákẹ́, inú iná ló ti ń wá, ẹ so VHS, DVD àti láptọ́ọ̀pù mọ́ ojú iná kan ṣoṣo. Tí kò bá dákẹ́, ẹ wo ẹnu wáyà funfun àti pupa, ó lè máà wọlé tán.

Àǹtí Kámẹ́rà:
Ti ìdáàbòbò yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Macrovision ni wọ́n fi sára àwọn fíìmù títà, ó ń da ìmọ́lẹ̀ àwòrán rú káwọn èèyàn má baà ṣe ẹ̀dà ẹ̀, tí DVD recorder bá sì ti rí i, ó máa kọ̀. Fíìmù olówò, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Àmọ́ téèpù ilé tó ti gbó lè ṣì í lọ́nà, àmì tó wà lókè àwòrán ti bà jẹ́ débi pé ẹ̀rọ rò pé Macrovision ni. Ẹ kọ́kọ́ tún tracking ẹ̀ ṣe. Tó bá ṣì kọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní time base corrector, TBC, ló máa tún un tò. Àwọn ẹ̀rọ S-VHS tó ga máa ń ní èyí tó ń mú àwòrán dúró ṣinṣin nínú, àmọ́ fún irú èyí tó ń kọ̀ yìí, èyí tó dá dúró lọ́tọ̀ ló dájú jù, tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ní in, ẹ yá a.

Ohun mìíì tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà: ẹ lọ sínú menu VHS, ẹ pa BLUE BACK. Òun ló ń fi búlúù bo ojú tí téèpù bá ti rẹ̀ díẹ̀, ó lè bo ibi tẹ́ ẹ ṣì lè rí nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ pa OSD náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí VHS ń kọ sójú àwòrán, kí PLAY má baà há sójú àwòrán títí láé.

Arìnrìnàjò:
Ẹ jọ̀ọ́, mo ní téèpù kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun ló ń gbé jáde, ó sì ń yí lọ sókè. Ó ti bà jẹ́ ni?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Kò bà jẹ́ o, má jù ú nù! NTSC ni, ẹ̀rọ tìẹ PAL ni. NTSC ní ìlà 525, bíi àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, PAL ní ìlà 625, àwòrán 25. Wá VHS tí wọ́n kọ MULTI-SYSTEM sí lára, tàbí èyí tó jẹ́ NTSC gan-an, kó o sì yan NTSC nínú sọ́fúwíà tó ń gbà á.

Àbígbẹ̀yìn:
Ohùn ti dákẹ́, ṣájà ni lóòótọ́. Téèpù yẹn náà ti gbà lẹ́yìn tí mo tún tracking ṣe. Ó ku kámẹ́rà o. Téèpù inú ẹ̀ kéré gan-an, MiniDV ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé mo máa gba yẹ́lò náà ni?

Àǹtí Kámẹ́rà:
Rárá o! Téèpù yẹn kì í ṣe irú VHS, nọ́ńbà ni gbogbo ẹ̀ lórí téèpù, fáìlì ni téèpù yẹn fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà á láti yẹ́lò, ẹ ti sọ ọ́ di àwòrán lásán kẹ́ ẹ tó tún sọ ọ́ di fáìlì padà, ó ti pàdánù. Ẹ wá ihò kékeré tí wọ́n kọ DV tàbí i.LINK sí lára ẹ̀, FireWire nìyẹn, irú wáyà tó ń gbé fídíò bó ṣe wà lọ sí kọ̀ǹpútà, ojú mẹ́rin ló ní. Ti kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ ojú mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Láptọ́ọ̀pù tuntun kì í ní i, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí wọ́n ki káàdì FireWire bọ̀ ló dáa jù. Àwọn wáyà tí wọ́n ń tà pé FireWire ni ẹnu kan, USB ni ẹnu kejì, wọn ò lè ṣe é, ẹ má fowó ṣòfò. USB tó wà lára kámẹ́rà fúnra ẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ fún fọ́tò ni. Wákàtí kan DV gba bíi 13 GB, sọ́fúwíà WinDV lè gbà á lórí Windows.

Nǹkan kan tún wà tó lè múnú yín dùn. Àwọn kámẹ́rà MiniDV kan lè gba yẹ́lò, funfun àti pupa wọlé, kí wọ́n sì fi FireWire gbé e jáde. Ẹ wo menu ẹ̀ bóyá wọ́n kọ A/V → DV OUT síbẹ̀. Tó bá ní in, ẹ lè gba VHS kọjá látinú ẹ̀ láìlo USB rárá. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ní in o.

Tẹ́ ẹ bá sì tún rí téèpù kékeré mìíì nínú àpótí, ẹ wo orúkọ ẹ̀ dáadáa. VHS-C ní páálí tí wọ́n ń ki í bọ̀ tó fi ń wọnú VHS. Video8 àti Hi8 ò ní irú ẹ̀, kámẹ́rà tiwọn ló máa gbé wọn jáde, ẹ má fi tipá kì wọ́n bọ páálí kankan.

Arìnrìnàjò:
DVD tá a ti gbà tẹ́lẹ̀ ń kọ́? Mo ní díìsìkì tí DVD recorder wa gbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé òfìfo ni.

Oníwáyà:
Wọn ò finalize ẹ̀ ni, ìyẹn kí recorder pa díìsìkì dé kí ẹ̀rọ mìíì lè kà á. Díìsìkì tí recorder bá gbà, òun nìkan ló mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi finalize ẹ̀. Dá a padà sínú recorder tó gbà á gan-an, wá FINALIZE nínú menu, má yọ ọ́ kúrò lára iná títí tó fi máa parí. Tí recorder yẹn bá ti kú, wá òmíràn tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan náà, tàbí kó o lo IsoBuster lórí kọ̀ǹpútà, ó lè rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Tó bá ti finalize, ẹ má tún so DVD mọ́ yẹ́lò láti kọ́pì ẹ̀ o. Ẹ ki díìsìkì bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe ISO ẹ̀ lódindi, ìyẹn fáìlì kan tó jẹ́ ẹ̀dà gbogbo díìsìkì, ImgBurn ń ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ kó àpò VIDEO_TS bó ṣe wà. Ẹ̀dà tẹ́ ẹ bá ṣe báyẹn bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Tí díìsìkì bá ti họ tí kọ̀ǹpútà ń há síbì kan, ddrescue lórí Linux máa ń kó èyí tó ṣeé kà kọ́kọ́, kó tó padà wá bá ibi tó le jà.

Àbígbẹ̀yìn:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ti bàbá wa ni mo fi ṣáájú lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rọ ti mọ́. Ṣé mo lè ju téèpù yẹn nù tó bá ti wọ láptọ́ọ̀pù?

Bàbá Téèpù:
Rárá o. Téèpù ni ojúlówó, ẹ̀dà ni ìyókù. Wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó o tó kà á kún èyí tó ti parí, má kàn wo ìṣẹ́jú méjì iwájú, ìparí ni ohùn àti ẹnu ti máa ń yapa. Lẹ́yìn náà kó fáìlì yẹn sí háàdì díìsìkì méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíì nínú ẹbí yín. Gbé téèpù náà nàró, má tò ó lélẹ̀, kó jìnnà sí oòrùn àti spíkà, kó o sì kọ ọ́ sára ẹ̀ pé o ti gbà á.

Àbígbẹ̀yìn:
Mo ti gbọ́, Bàbá. Àbúrò wa ló máa gbé háàdì díìsìkì kejì lọ.